Owó Ìtọrẹ fún Ìpolongo Àtúnṣe sí Owó Ìrànwọ́ Orí Epo

Owó ìrànwọ́ orí epo ni iye tí ìjọba ń san sórí epo bẹntiróò, kẹrosíìnì, gáàsì tàbí èédú kí ó má ju agbára aráàlú lọ. IMF, àjọ ìṣúná owó àgbáyé, ṣírò ti 2022 sí tírílíọ̀nù 1.3 dọ́là káríayé, láì tíì ka aburú èéfín mọ́ ọn. Owó tí àwọn àjọ olówó ìtọrẹ fi ń ti ìpolongo àtúnṣe lẹ́yìn kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ dídín èéfín kù lápapọ̀ kì í rí ju nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó ìtọrẹ àgbáyé gbà; ẹ̀rún inú ẹ̀rún ni ti owó epo.

Ọdún 2005 ni ọ̀rọ̀ náà ní ilé tirẹ̀. IISD, ilé ìwádìí kan ní Kánádà, dá Global Subsidies Initiative sílẹ̀ ní Geneva. Ọdún yẹn kan náà ni ẹgbẹ́ olùpolongo Oil Change International bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Àwọn ìjọba bíi Sweden àti Norway gbé owó kalẹ̀ fún ti Geneva, Hewlett Foundation, tí owó rẹ̀ ti inú òwò kọ̀ǹpútà wá, náà sì dá sí i. Oil Change rí owó gbà lọ́wọ́ Rockefeller Brothers Fund, àjọ ìdílé tí epo rọ̀bì sọ di ọlọ́rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín lè rẹ́rìn-ín. Ní 2009, G20, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí ọrọ̀ ajé wọn tóbi, ṣèlérí ní Pittsburgh pé àwọn yóò máa yọ owó ìrànwọ́ náà díẹ̀díẹ̀. Ìlérí ò kúkú le.

Kí ni owó ìtọrẹ ń rà? Ìṣirò ni, lọ́pọ̀ ìgbà. Òfin owó orí Amẹ́ríkà ti 1969 kò jẹ́ kí àjọ olówó ìtọrẹ sanwó fún ẹni tí yóò máa rọ aṣòfin lórí àbá òfin kan pàtó, nítorí náà ìwádìí, ìlanilọ́yẹ̀ àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ oníròyìn ni wọ́n ń ná an sí. Ìwé ìtọ́nisọ́nà fún aráàlú Nàìjíríà, tí Global Subsidies Initiative àti CPPA, ilé ìwádìí kan l'Ékòó, gbé jáde ní 2012, jẹ́ irú rẹ̀.

Ọdún 2012 náà ni ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní ọdún, ìjọba Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́, lítà bẹntiróò sì fò láti náírà 65 sí 141. Àwọn tó ń fẹ̀hónú hàn kún Ọ̀jọ́tà l'Ékòó bámúbámú, títí ìjọba fi dá a padà sí 97. BudgIT, ẹgbẹ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Yábàá l'Ékòó lọ́dún tó ṣáájú, ń fi àwòrán ṣàlàyé owó ìlú fún àwọn èèyàn. Ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin wá yẹ ìwé owó ìrànwọ́ wò: bílíọ̀nù 245 náírà ni wọ́n fọwọ́ sí fún 2011, èyí tí wọ́n san lé ní tírílíọ̀nù 2.5. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ rò pé yóò mú aráàlú gbà kí owó ìrànwọ́ lọ, òun gan-an ló mú wọn fárí gá: ẹ kọ́kọ́ mú olè ná! Farouk Lawan, alága ìgbìmọ̀ náà, ni ilé ẹjọ́ sì dá lẹ́bi àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ní 2021.

Ètò On Nigeria tí MacArthur Foundation, àjọ olówó ìtọrẹ Amẹ́ríkà kan, bẹ̀rẹ̀ ní 2015 kò dá lórí iye epo. Ìwà ìbàjẹ́ ló kọjú sí, BudgIT sì wà lára àwọn tó rí owó gbà. Ọ̀nà yìí ló bá ìbínú Ọ̀jọ́tà mu jù.

Ó ṣòro láti mọ iṣẹ́ ẹni tó so èso. Nígbà tí Ààrẹ Tinubu kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ ti lọ, bọ́jẹ́ẹ̀tì tó bá nílẹ̀ kò ní kọ́bọ̀ fún un lẹ́yìn oṣù kẹfà. Àpò ìjọba ló gbẹ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, bẹntiróò ti lé ní náírà 480, kpayo, epo fàyáwọ́ láti Nàìjíríà tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá títì ní Kútọnu, orílẹ̀-èdè Benin, náà sì gbówó lórí. Owó tó wá lé kún ìpín àwọn ìpínlẹ̀ láti ìgbà náà ni irú àwọn ẹgbẹ́ bíi BudgIT ń tọpa báyìí.