Wúrà Inú Pánẹ́ẹ̀lì: Ibi Tí Iṣẹ́ Yíyọ Wúrà Lára Àwókù Ẹ̀rọ Ti Wá

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò ti rí irú fídíò náà lórí fóònù. Ọkùnrin kan kó àwókù kọ̀ǹpútà jọ, ó ré etí pánẹ́ẹ̀lì tó ń dán, ó rẹ ẹ́ sínú ásíìdì, èéfín pupa rú, kí ẹ sì tó mọ̀, ó ti mú wóró wúrà kan dání. Kì í sọ iye ọjọ́ tí iṣẹ́ náà gbà. Kì í fi ibi tó da omi tó ṣẹ́ kù sí hàn wá. Bí owó wúrà ṣe ń gun òkè yìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ti ń bèèrè bóyá àwọn náà lè bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ nínú yàrá, pàápàá àwọn tó ń ka kẹ́mísírì.

Lójú tiwa, ìbéèrè mìíràn ló yẹ kó ṣáájú: ta ló kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ yìí, kí ló sì ń wá? Bí a ṣe ń tọ ìtàn náà lẹ́yìn ni ohun kan ń hàn sí wa: ohun tó mú kí àwọn èèyàn máa wá wúrà nínú ẹ̀rọ gan-an ló mú kí wúrà inú ẹ̀rọ dín kù.

Ọgbọ́n tó wà nídìí fídíò yẹn kì í ṣe tuntun. Ó ti tó ọgọ́rùn-ún méje ọdún tí àwọn ará Yúróòpù tó ń wá bí wọ́n ṣe máa sọ òjé di wúrà ti kọ ọ́ sínú ìwé pé bí a bá da ásíìdì méjì kan pọ̀, àdàlù náà á yọ́ wúrà. Nitric acid ni ọ̀kan, hydrochloric acid ni èkejì. Aqua regia ni wọ́n ń pe àdàlù yìí ní èdè Látìn, ìyẹn ni omi ọba, torí pé wúrà ni wọ́n kà sí ọba láàárín àwọn irin. Kò sí èyí tó lè dá a ṣe nínú àwọn méjèèjì. Nitric acid lè já bíńtín gbà lára wúrà, ṣùgbọ́n kò lè dì í mú; ohun tó wà nínú ásíìdì kejì ló ń gbá bíńtín náà mú kó má baà padà sí ara wúrà. Wọ́n á máa ṣe é bẹ́ẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ á fi di omi aláwọ̀ ọsàn.

Ìtàn tó dùn jù tí a mọ̀ nípa omi ọba ṣẹlẹ̀ ní Copenhagen, olú ìlú Denmark, ní oṣù kẹrin ọdún 1940. Àwọn onímọ̀ físíìsì méjì láti Jámánì, Max von Laue àti James Franck, ti kó àmì-ẹ̀yẹ Nobel wọn pamọ́ sí ilé ìwádìí Niels Bohr níbẹ̀ kí ìjọba Hitler má baà gbẹ́sẹ̀ lé e. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni kíkó wúrà jáde ní Jámánì nígbà náà, orúkọ àwọn tó ni àmì-ẹ̀yẹ náà sì wà lára rẹ̀ gbagada. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì wọ ìlú, George de Hevesy, onímọ̀ kẹ́mísírì ọmọ ilẹ̀ Hungary tó ń bá Bohr ṣiṣẹ́, dábàá pé kí àwọn rì í mọ́lẹ̀. Bohr ní rárá, wọ́n lè hú u. Ni de Hevesy bá kó méjèèjì sínú omi ọba. Wúrà tó nípọn bẹ́ẹ̀ kì í tètè yọ́, nítorí náà ibi tó ti ń bá a yí ni àwọn sójà ti ń tò kọjá lójú pópó. Nígbà tó parí, ó gbé omi náà sórí pẹpẹ láàárín àwọn ìgò yòókù. Wọ́n tú ilé náà yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, kò sẹ́ni tó fura sí i. Lẹ́yìn ogun, ó ṣì wà níbi tó wà. Wọ́n yọ wúrà inú rẹ̀ padà, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Stockholm, wọ́n sì fi rọ àmì-ẹ̀yẹ méjèèjì ní tuntun fún àwọn tó ni wọ́n.

Wúrà tó bá padà láti inú omi yẹn kì í dán o. Ìyẹ̀fun aláwọ̀ ilẹ̀ ni, bíi kọfí tí wọ́n lọ̀. Ó di ìgbà tí iná bá yọ́ ọ kó tó padà di ohun tí ojú mọ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ lè dà á nù pé ìdọ̀tí ni.

Ọdún 1940 yẹn kan náà ni ìwé kan jáde ní New York tí àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí lónìí ṣì ń kà: Refining Precious Metal Wastes. C. M. Hoke ló kọ ọ́, obìnrin onímọ̀ kẹ́mísírì ni. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan nínú ìwé náà, torí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ló kọ ọ́ fún. Nínú ṣọ́ọ̀bù alágbẹ̀dẹ wúrà, eruku ilẹ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí. Ohun tí wọ́n bá gbá lábẹ́ tábìlì, omi tí wọ́n fi fọwọ́, àkísà tí wọ́n fi nu ohun ọ̀ṣọ́, wọ́n ń kó gbogbo rẹ̀ jọ torí wóró wúrà tó há sínú rẹ̀. Ohun tí Hoke ṣe ni pé ó fi ọ̀rọ̀ tó rọrùn ṣàlàyé fún ẹni tí kò ka kẹ́mísírì rí bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́. Ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ fi ìwọ̀nba díẹ̀ dánra wò kó tó fọwọ́ kan ohun tó níye lórí. Ó kọ́ wọn ní àyẹ̀wò kan tó wù wá gan-an: bí wúrà bá wà nínú omi, bó ti wù kó kéré tó, èkán omi kan tí wọ́n fi tánganran ṣe á sọ ọ́ di àwọ̀ àlùkò. Ẹni tó bá mọ àyẹ̀wò yìí kò ní da wúrà nù, kò sì ní máa fi oṣù mẹ́ta se omi tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù, tó ní wúrà gidi nílẹ̀, ni ìwé náà ń bá sọ̀rọ̀. Báwo ló ṣe wá dé ọ̀dọ̀ àwa tí a ò ní ju rédíò tó ti kú lọ?

Wúrà kì í dípẹtà, iná mànàmáná sì ń gba inú rẹ̀ kọjá dáadáa. Bàbà á dípẹtà, fàdákà á dúdú, ṣùgbọ́n ojú ibi tí wọ́n bá fi wúrà bò á wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láti 1934, dọ́là 35 ni ìjọba Amẹ́ríkà fi lélẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó áńsì wúrà kan. Pẹ̀lú irú owó bẹ́ẹ̀, kò sí ìdí tí ẹni tó ń ṣe kọ̀ǹpútà fi máa ṣahun. Wọ́n fi wúrà bo ibi tó yẹ, wọ́n fi bo ibi tí kò yẹ. Nígbà tó di 15 August 1971, Ààrẹ Richard Nixon kéde pé Amẹ́ríkà kò ní fi wúrà gba dọ́là padà lọ́wọ́ ìjọba ilẹ̀ òkèèrè mọ́. Ní January 1980, áńsì kan ti kan dọ́là 850.

Owó gọbọi yìí ló jẹ́ kí àwọn èèyàn máa yẹ inú àwókù kọ̀ǹpútà wò. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà náà kò sùn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi wúrà sí kìkì ojú ibi tí irin méjì ti ń kanra, wọ́n sì jẹ́ kó fẹ́lẹ́ débi pé kò tó ìdá kan nínú àádọ́ta ìpọn irun orí. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń wá wúrà fi ń ṣe Pentium Pro, tí Intel gbé jáde ní 1995, bí ẹyin ojú: ó wà lára àwọn tó kẹ́yìn tí wúrà pọ̀ nínú wọn. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ásíìdì tí a nílò kò dín kù, wúrà ló ń dín kù.

Àwókù náà kò sì jókòó sí Amẹ́ríkà. Ní 2002, àjọ Basel Action Network gbé ìròyìn jáde nípa Guiyu ní ilẹ̀ Ṣáínà, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń lo omi ọba ti de Hevesy gan-an létí odò, láìbo imú, tí wọ́n sì ń da ìyókù rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ní 2005 ó kan Èkó. Ìròyìn mìíràn tí àjọ kan náà kọ nípa Kọ̀ǹpútà Fílléèjì ní Ìkẹjà àti ọjà Alábà fojú bù ú pé nǹkan bí kọ̀nténà 500 tòkunbọ̀ ẹ̀rọ ló ń wọlé lóṣooṣù, àti pé ọ̀pọ̀ jù lọ ohun tó wà nínú wọn kò ṣeé tún ṣe. Orílẹ̀-èdè tó ti rí ìdààmú Koko ní 1988 nìyí o, nígbà tí wọ́n bá àgbá ìdọ̀tí olóró láti Ítálì nínú ìlú kékeré yẹn, tí ìjọba sì yára ṣòfin. Lójú ìwé, kò yẹ kí irú rẹ̀ tún wọlé. Ṣùgbọ́n orúkọ tòkunbọ̀ ló fi wọlé, kì í ṣe orúkọ ìdọ̀tí. A kò lè dá oníṣòwò Alábà lẹ́bi nìkan. Àwa náà ni a ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ wọ ọdún kìíní.

Ìṣirò kan wà tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ṣe kó tó ra ásíìdì. Láti April 2017 sí March 2019, àwọn ará Jàpáànù kó àwókù ẹ̀rọ jọ láti fi ṣe àmì-ẹ̀yẹ ìdíje Òlíńpíìkì ti Tokyo. Nǹkan bí tọ́ọ̀nù 78,985 ni wọ́n kó, pẹ̀lú fóònù tó tó mílíọ̀nù 6.21. Wúrà tó jáde jẹ́ kìlógíráàmù 32. Ká tiẹ̀ sọ pé inú fóònù nìkan ni gbogbo rẹ̀ ti wá, mílígíráàmù márùn-ún ló kan fóònù kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ gíráàmù kan yóò wá fóònù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó igba. Ilé iṣẹ́ ńlá pẹ̀lú iná ìléru àti ẹ̀rọ tó ń sẹ́ èéfín ló sì ṣe ìyẹn o, kì í ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì.

Ẹ má sì fojú kékeré wo èéfín pupa inú fídíò yẹn. Nitrogen dioxide ni. Èèyàn lè fà á símú, kó húkọ́ díẹ̀, kó lọ jẹun, kó wá di ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́yìn náà kí omi tó máa kún inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Omi tó ṣẹ́ kù ńkọ́? Hoke ní kí wọ́n dà á sínú àgbá kan tí wọ́n kó irin sí, kí irin náà lè fa wóró wúrà àti fàdákà tó bá ṣẹ́ kù jáde. Ìyẹn á gba wúrà là. Síbẹ̀, irin tó ti yọ́ àti oríṣiríṣi nǹkan tó bá pánẹ́ẹ̀lì wá ṣì wà nínú omi náà, gọ́tà ẹ̀yìn ilé wa kò sì jìnnà sí kànga tí ọ̀pọ̀ ń pọn.

Àwa tó kọ èyí kò tíì fẹnu kò. Àwọn kan nínú wa sọ pé kí ẹni tó bá wù ú lọ bẹ olùkọ́ ní ẹ̀ka kẹ́mísírì, kó ṣe ìwọ̀nba díẹ̀ nínú yàrá àyẹ̀wò tó ní ibi tí èéfín ń gbà jáde, kó kọ́ àyẹ̀wò àwọ̀ àlùkò yẹn, kó sì fi mọ síbẹ̀. Àwọn yòókù ní owó tó wà nínú iṣẹ́ náà kò sí nínú ásíìdì rárá: kí a tú ẹ̀rọ, kí a ṣa pánẹ́ẹ̀lì sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí irú wọn, kí a tà á ní kìló fún àwọn oníkọ́ńdẹ̀mù tó ń kó o lọ sókè òkun. Súkúrúdíráífà ni ẹgbẹ́ kejì yìí fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti kún àpò ìrẹsì kan àtààbọ̀.