Ìlù Tó Dún Àdúnjù

Bí ìlù bá dún àdúnjù, yíya ní í ya. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ fi ń ṣèdájọ́ nígbà tí sípíkà bá bàjẹ́ lóde ìnáwó: wọ́n á ní orin tó ń há ló bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n òwe kò sọ pé ìlù tí kò dùn létí ló ń ya. Ọwọ́ tó lù ú ju agbára awọ lọ ló ń bá wí.

Híhá fúnra rẹ̀ kò lẹ́bi. Ní 1964, Dave Davies, onígìtá ẹgbẹ́ The Kinks ní London, fi abẹ gé bébà inú sípíkà amplifier rẹ̀ kí gìtá lè máa há. Ohùn yẹn ló wà nínú “You Really Got Me”. Bí ẹ bá gbé rẹ́kọ́ọ̀dù náà sórí ẹ̀rọ níwọ̀ntúnwọ̀nsì, sípíkà yín kò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ohùn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀.

Amplifier tí a ń fipá lò ni kí a bẹ̀rù. Ó níbi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí a bá yí i kọjá ibẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í gé orí ìgbì orin, orí náà á sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Àwọn kan rò pé gígé yìí ń dín agbára kù. Rárá o! Orin a máa ròkè, a sì máa rodò, ìgbà tó bá rodò ni kọ́ìlì, wáyà tín-ín-rín tí wọ́n wé sídìí bébà, ń ráyè tutù. Bí a bá fipá gbé gbogbo rẹ̀ sókè, kọ́ìlì á dà bí alárù tí kò ríbi sọ ẹrù. Amplifier 100 wáàtì lè máa tú ohun tó sún mọ́ 200 jáde báyìí. Díẹ̀ péré nínú rẹ̀ ló ń di ohùn. Ìyókù ń di ooru, títí gúlúù tó di kọ́ìlì mú á fi yọ́, tí wáyà á sì jó.

Tweeter, sípíkà kékeré tó ń gbé ohùn òkè jáde, ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Wáyà tirẹ̀ ló tín-ín-rín jù, gígé orí ìgbì sì tún ń bí ohùn òkè mìíràn tí kò sí nínú orin, tweeter náà ni wọ́n ń dà lé lórí.

Nítorí náà, ẹni tó ra amplifier kékeré kó má baà ba sípíkà ńlá jẹ́ lè ṣìnà: ó rọrùn kó fipá lò ó. Èyí tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí a kò yí dópin, ló dára jù. Bí ohùn bá sì há nígbà tí rẹ́kọ́ọ̀dù kò há, kí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ yí i wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bí onínàáwó tilẹ̀ ń pariwo pé kò tíì tó.