Ìgbóná Ilé àti Ooru Ara

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé tí èmi sì wò, kí n tó dá orúkọ sọ àwọn ohun tí ó jẹ mọ́ ooru inú ilé, ni yàrá mi ní Fádèyí ní Èkó, níbi tí ariwo ọkọ̀ títì Ìkòròdú kì í ti í jẹ́ kí a ṣí fèrèsé pẹ́. Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìgbóná wà lára ògiri. Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Ṣẹrẹ, tí ọyẹ́ ti mú kí ètè gbogbo wa là, ó ka 27, mo sì fa aṣọ bora. Ní alẹ́ mìíràn nínú oṣù Igbe, lẹ́yìn tí òjò dá, 27 náà ni ó kà, ṣùgbọ́n mo bọ́ ẹ̀wù, òógùn sì bò mí bí ẹni tí ń gúnyán. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún.

Nǹkan méjì tí ó yẹ kí ó ní orúkọ méjì nìyẹn. Láti ọdún 1970, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì, ni ó ti hàn pé èdè wa kò kúrú. Nínú èdè náà, omi a máa gbóná, irin a máa gbóná, ara tí ó bá sì gbóná, ibà ni. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni ooru ń mú. Nítorí náà ni mo fi pe ohun tí ẹ̀rọ ń kà ní ìwọ̀n ìgbóná, tí mo sì pe ohun tí ara ń jẹ́rìí sí ní ìmúni ooru.

Ọ̀rinrin ni ó kọ́kọ́ ya méjèèjì nípá. Èkó Akéte, aromi-sá-lẹ̀gbẹ-lẹ̀gbẹ, ọ̀sà níhìn-ín, òkun lọ́hùn-ún: nígbà òjò, afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti mu omi yó, kò ráyè gba òógùn wa mọ́, òógùn tí kò bá sì gbẹ kò lè bá wa gbé ooru kúrò lára, ṣùgbọ́n ọyẹ́ tí ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀, òǹgbẹ ni ó ń gbẹ ẹ́, kíá ni yóò lá òógùn náà tán. Ògiri búlọ́ọ̀kù pẹ̀lú ń ṣe tirẹ̀, tí ó ń mu oòrùn lọ́sàn-án, tí ó sì ń pọ̀ ọ́ jáde lálẹ́.

Orúkọ tí ó fún mi ní wàhálà jù ni ti ara tí ooru ti mọ́ lára, nítorí pé bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì bá ti kọjá nínú ooru, ara a máa tètè làágùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ooru kò sì ní í ni í lára tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo pè é ní ìmọ́lára, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé mi pé ìmọ́lára ń dín ìmọ̀lára kù. Nígbà tí mo gba ìwé náà lọ́wọ́ àwọn òǹtẹ̀wé kan ní Ṣómólú, gbogbo àmì ohùn ti pòórá, imolara wá ń dín imolara kù! Mo jókòó ti ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó tò ó, a sì ń fi àmì náà sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi kà á sókè, tí ó wo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ń gbóná lẹ́yìn rẹ̀, tí ó ní, “Ó yé mi, bàbá. Bí èmi àti ẹ̀rọ yìí ṣe ń gbé nìyẹn.”