Ẹ̀kọ́ èdè Látìnì ní yunifásítì

Ẹ̀kọ́ èdè Látìnì ní yunifásítì ni ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń gba oyè àkọ́kọ́ nínú èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́ àti àwọn ìwé tí wọ́n fi èdè náà kọ. Ní Amẹ́ríkà, abẹ́ ẹ̀ka Classics ni ó sábà máa ń wà, pẹ̀lú èdè Gíríìkì àtijọ́.

Ìtàn

Nígbà tí Harvard ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ẹni tí kò bá gbọ́ Látìnì kò lè wọlé. Èdè yìí àti Gíríìkì wá di odi tí wọ́n fi ń ya ènìyàn sọ́tọ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ pé ọpọlọ aláwọ̀ dúdú kò lè gbé e. William Sanders Scarborough, tí wọ́n bí sí oko ẹrú ní Georgia ní 1852, kọ ìwé ẹ̀kọ́ Gíríìkì jáde ní 1881, ó sì di olùkọ́ èdè méjèèjì ní Wilberforce. Lónìí, inú yunifásítì gan-an ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Irú wọn ni ìwé Frederic Wheelock, tó kọ́kọ́ jáde ní 1956, wà fún.

Bí èdè náà ṣe rí

Òpin ọ̀rọ̀ ni ó máa ń dá olùbẹ̀rẹ̀ láàmú. "Puella puerum amat" túmọ̀ sí pé ọmọbìnrin fẹ́ràn ọmọkùnrin. Bí a bá sọ pé "puerum puella amat", ìtumọ̀ kò yí padà, nítorí òpin "puerum" ti fi hàn pé àbọ̀ ni, kì í ṣe olùwà. Ní Yorùbá, ipò ọ̀rọ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí: "Olú fẹ́ràn Adé" kì í ṣe "Adé fẹ́ràn Olú". Ọ̀wọ́ márùn-ún ni ọ̀rọ̀-orúkọ Látìnì pín sí, mẹ́rin ni ti ọ̀rọ̀-ìṣe. Lẹ́yìn gírámà ni a ń ka Caesar, Cicero, Vergil àti Ovid.

Àríyànjiyàn

Ní 2021, ẹ̀ka Classics ní Princeton yọ òfin tó sọ Látìnì tàbí Gíríìkì di dandan fún oyè àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n wọn kò dáwọ́ kíkọ́ èdè náà dúró. Àwọn alátìlẹ́yìn ní òfin náà ń lé ẹni tí kò rí Látìnì kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama sẹ́yìn. Àwọn alátakò ní ẹni tó ka Vergil ní ìtumọ̀, ẹnu ògbufọ̀ ló ti gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ àwọn alátakò wúwo jù fún ẹni tó ń lépa oyè ọ̀mọ̀wé, nítorí èdè méjèèjì ni wọ́n sábà máa ń béèrè níbẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá tó lè ní láti tún sanwó ẹ̀kọ́ èdè ọdún kan tàbí méjì.

Ní Nàìjíríà

Yunifásítì Ìbàdàn ní ẹ̀ka Classics. Ibẹ̀ ni akéwì Christopher Okigbo ti gboyè ní 1956, kí ó tó lọ kọ́ni ní Látìnì ní Fìdítì.