Ọmọ Tálákà àti Bọ́ọ̀lù ní Lómé

Ní Lómé, iyanrìn etí òkun ni pápá bọ́ọ̀lù ọmọ tálákà.

Ní 1984, àwọn òbí Yorùbá láti Nàìjíríà bí Emmanuel Adebayor sí ìlú náà. Wọn kò lówó, ṣùgbọ́n ọmọ náà fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Ní 1999, ó lọ gbá a ní Metz, ní ilẹ̀ Faransé. Góòlù 11 ni ó gbá wọlé kí Tógò tó dé ìdíje Ife Àgbáyé ní 2006, fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní 2008, òun ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù ní Áfíríkà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má tètè pe ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní ọ̀lẹ. Ẹ bi í bóyá ó ti ka ìwé rẹ̀. Bí ó bá ti kà á, ẹ jẹ́ kí ó lọ ṣeré.