Kílọ́ọ̀ṣì, Jíà àti Àwọn Mẹkáníìkì Wa ní Sókótó

Ìtàn píkọ́ọ̀pù la fẹ́ sọ lónìí, pàápàá kílọ́ọ̀ṣì àti ọ̀pá jíà rẹ̀, àti bí àwọn mẹkáníìkì wa ṣe tún wọn ṣe kí wọ́n lè gba ìyà ilẹ̀ yìí. Àwọn ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ náà ti ń dàgbà, a ò sì tíì kọ ọ́ sílẹ̀ níbì kankan.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí rélùwéè. Rélùwéè ò dé Sókótó rí. Ojú irin tó yà kúrò ní Zaria gba Gusau kọjá, ó dé Kaura Namoda ní 1929, ó sì dúró síbẹ̀. Àwọn bàbá wa tó ti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìlọrin àti Ọ̀yọ́ wá, bí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, lọ́rì ni wọ́n ń wọ̀ dé ìhín. Ohunkóhun tó bá máa wọ Sókótó tàbí tó máa jáde níbẹ̀, bí kò bá gun ràkúnmí tàbí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, orí táyà ló máa gbà. Ibi tí táyà bá sì pọ̀ sí, mẹkáníìkì ò lè jìnnà síbẹ̀.

Ẹrù wá ń pọ̀ sí i. Ilé iṣẹ́ símẹ́ǹtì Kalambaina bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe símẹ́ǹtì jáde ní 1967. Ní 1975, ìjọba dá yunifásítì sílẹ̀ níbí. Ní 1976, Sókótó di ìpínlẹ̀. Ilé kíkọ́ ò dáwọ́ dúró mọ́. Ẹ tún wá fi àlùbọ́sà Kware àti Wurno kún un. Ọkọ̀ tó ń sá sókè sódò láàárín ìlú àti oko nígbà náà ni Peugeot 404 píkọ́ọ̀pù, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní a-kori-kura. Ilé iṣẹ́ Peugeot ti Kaduna bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975, nígbà tó sì di 1979, 504 píkọ́ọ̀pù jáde ní ilẹ̀ Faransé, òun náà ò sì pẹ́ kó tó kún ojú ọ̀nà wa.

Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀ díẹ̀. Àpò símẹ́ǹtì kan, 50 kílò ni. Àpò 20 ti di tọ́ọ̀nù kan, irú píkọ́ọ̀pù yìí ò sì yẹ kó gbé ju tọ́ọ̀nù kan àti díẹ̀ lọ. Ta ló ń di àpò 22 nígbà náà? Wọ́n á di 35, wọ́n á di 40, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ méjì á tún jókòó lé e. Ọkọ̀ yẹn á wá bọ́ sínú iyanrìn. Dírẹ́bà á tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kò ní tẹ̀ ẹ́ tán, kò sì ní tú u tán, á máa fi bẹ́ẹ̀ rìn díẹ̀díẹ̀ nínú oòrùn tó ń lé ní 40. Kílọ́ọ̀ṣì wo ló máa pẹ́?

Kílọ́ọ̀ṣì ò le láti yéni. Pléètì pẹlẹbẹ kan ló wà láàárín fáyàwílì ẹ́ńjìnnì àti irin kan tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní pirẹ́ṣọ̀. Sípíríǹgì inú pirẹ́ṣọ̀ ló ń tẹ pléètì mọ́ fáyàwílì, kí agbára ẹ́ńjìnnì lè kọjá sínú jíà. Bí dírẹ́bà bá tẹ pẹ́dà, ìdìmú yẹn á tú. Nínú àwọn ọkọ̀ àtijọ́, sípíríǹgì kéékèèké ni wọ́n tò yí pirẹ́ṣọ̀ ká. Bí ooru bá ti rà wọ́n tán, okun wọn á dínkù, ọ̀kan á rọ̀ ju èkejì lọ, pléètì á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Ẹ̀ẹ́ máa gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ ò ní kúrò lójú kan, òórùn jíjó á gba gbogbo ibẹ̀. Irú tuntun tó wá rọ́pò rẹ̀ ní sípíríǹgì ẹyọ kan ṣoṣo, tó rí bí àwo pẹrẹsẹ. Ìyẹn ń tẹ pléètì dọ́gba yíká, ó sì fúyẹ́ lẹ́sẹ̀ dírẹ́bà. Yíyí ti àtijọ́ padà sí ti tuntun yìí ni àtúnṣe àkọ́kọ́ tí àwọn bàbá wa mọ̀ dunjú.

Iṣẹ́ ńlá ni o. Nínú àwọn Peugeot wọ̀nyí, ọ̀pá tó ń gbé agbára lọ sẹ́yìn wà nínú páìpù ńlá kan tí wọ́n dè mọ́ jíà. Kí ọwọ́ tó dé ibi kílọ́ọ̀ṣì, àfi kí wọ́n sún ìdí ọkọ̀ sẹ́yìn tàbí kí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì jáde pátápátá. Abẹ́ igi dóńgóyárò ni wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n á so ṣéènì mọ́ ẹ̀ka tó nípọn, àwọn ọmọ iṣẹ́ á máa fà.

Àwọn kan gbọ́n àgbọ́njù. Wọ́n á wá pirẹ́ṣọ̀ tó le koko, kí pléètì má baà yọ̀ mọ́ láé. Pẹ́dà á wá le bí òkúta, rọ́bà inú sìlíńdà á máa já. Èyí tó burú jù ni pé ohun tí kílọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ì bá fi yíyọ̀ gbà mọ́ra, èyí tó le á gbé gbogbo rẹ̀ lé eyín jíà lórí. Lójú tiwa, àwọn ọ̀gá tó mọṣẹ́ jù ni àwọn tí kò wá líle kiri. Wọ́n á gbé fáyàwílì lọ fún àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fá irin kí ojú rẹ̀ lè tẹ́jú, wọ́n á pààrọ̀ pléètì, pirẹ́ṣọ̀ àti bẹ́ríǹgì pa pọ̀, wọ́n á sì sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ nípa ẹrù fún ẹni tó ni ọkọ̀.

Ká wá bọ́ sórí ọ̀pá jíà. (Àwọn Hausa ń pe jíà ní giya, ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni wọ́n sì ń pe ọtí. Ẹ ro ojú ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé, tí wọ́n ní kó lọ wo giya ọkọ̀ alàájì.) Ẹ̀gbẹ́ sítíárì ni ọ̀pá jíà 404 wà. Àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ló so ó mọ́ jíà nísàlẹ̀, rọ́bà sì wà ní oríkèé wọn. Eruku ọyẹ́ á jẹ rọ́bà wọ̀nyẹn, ọ̀pá á máa mì lọ́wọ́ dírẹ́bà, nígbà mìíràn jíà á há, àfi kí ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ fi ọwọ́ tú u. Àwọn mẹkáníìkì wa kọ́kọ́ ń gé rọ́bà táyà àlòkù sí i. Nígbà tí 504 tó ní ọ̀pá jíà nílẹ̀ wá pọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ti sítíárì kúrò, wọ́n lu ihò sílẹ̀ ọkọ̀, wọ́n sì gbé ọ̀pá náà síbẹ̀.

Ìjà wá bẹ̀rẹ̀. Èèyàn mẹ́ta ló ń jókòó síwájú píkọ́ọ̀pù. Bí ọ̀pá jíà bá ti wà nílẹ̀, ibo ni ẹni àárín fẹ́ gbé ẹsẹ̀ sí? Owó ọkọ̀ ẹnì kan lọ nìyẹn, ní gbogbo ìrìn àjò. Ọ̀pọ̀ dírẹ́bà yàn kí jíà máa há ju kí owó yẹn bọ́ lọ, a ò sì lè dá wọn lẹ́bi. Bí wọn ò bá sì fi rọ́bà dí ihò yẹn dáadáa, eruku ni gbogbo inú ọkọ̀ máa jẹ dé Illela.

Ní 1986, ètò SAP dé, náírà já wálẹ̀, ẹ̀yà ọkọ̀ tuntun di ohun tí ọwọ́ ò tó. Tòkunbọ̀ gba ọjà. Láti ara rẹ̀ ni àwọn ọ̀gá kan ti ń rí jíà 505 tó ní jíà márùn-ún, tí wọ́n ń gbé e sínú 504 tó ní mẹ́rin, kí ẹ́ńjìnnì lè sinmi lójú ọ̀nà gígùn bíi ti Gusau. Kì í ṣe gbígbé lásán o. Wọ́n gbọ́dọ̀ wọn gígùn rẹ̀, kí páìpù ẹ̀yìn lè bá a mu wẹ́kú. Ìwọ̀n yẹn, orí ni wọ́n ń kó o sí, kò sí nínú ìwé kankan.

Hilux ló gba ojú títì báyìí, àwọn ọmọ wa sì fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ NAPEP tó ń mówó wọlé lójoojúmọ́ ju ọdún mẹ́rin márùn-ún nídìí ọ̀gá lọ. Síbẹ̀ 504 ṣì ń ti Kware kó àlùbọ́sà wọ̀lú. Bí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ yọjú wo inú rẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n ti gbé ọ̀pá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárì tí wọ́n sì rì í mọ́lẹ̀ láàárín, ẹ bi dírẹ́bà ta ló ṣe é, àdúgbò wo ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, ọdún wo ni. Ẹ bá wa kọ ọ́ síbí, àti ti àwọn bàbá tiyín náà.