Àwo Orin Túndé King àti Àwọn Ọmọ Ìta Olówógbowó, 1929 sí 1939

Bí a bá ń sọ ìtàn orin jùjú, orí I. K. Dáíró, Ebenezer Obey àti Sunny Adé ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń dúró lé. A óò dárúkọ Túndé King pé òun ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, a óò sì kọjá lọ. Àwọn àwo tí ó ṣe fún ilé-iṣẹ́ Parlophone láti 1936 ni bébà yìí fẹ́ gbé yẹ̀ wò, nítorí pé ẹ̀rí ìtàn ni wọ́n, ẹ̀rí tí ó sì lè ṣi òǹkàwé lọ́nà ni.

Ní 1910 ni a bí Abdulrafiu Babátúndé King ní Olówógbowó, ní ìdílé Sàró tí ó jẹ́ Mùsùlùmí. Akọ̀wé ni lójú ọ̀sán. Ní nǹkan bí 1929, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa kóra jọ ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan ní àdúgbò náà, wọn a máa ta gítà. 'Area boys' ni Christopher Waterman pè wọ́n nínú ìwé rẹ̀, Jùjú (1990). Ẹni tí ó bá ń wọkọ̀ lójú ọ̀nà Badagry lónìí yóò rò pé àwọn tí ń fipá gbowó ní gáréèjì ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ àdúgbò ni wọ́n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé alágbe ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe olórin nígbà náà.

Ní ti ìró orin náà, ènìyàn mẹ́rin péré ló ń gbé e: King tí ó ń ta bánjò-gítà, onísẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹni tí ó ń lu jùjú, àti elégbè. Gángan kò sí níbẹ̀. Nǹkan bí 1948 ni Àkànbí Ẹ̀gẹ́ tó mú un wọ inú orin jùjú. Ẹ̀rọ agbóhùnsókè kò sí pẹ̀lú. Nítorí náà ni ìlù fi rọra ń lọ lábẹ́, tí ohùn King sì ń ròkè, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gba imú jáde. Orin pálọ̀ ni, kì í ṣe orin pápá. Wọ́n ní nítorí pé onílù a máa ju ìlù náà sókè kí ó tún hán an ni wọ́n fi ń pè é ní jùjú. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó ti ń fi 'juju' pe oògùn àti òrìṣà wa tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gàn lè wà nínú orúkọ náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa dá lé gan-an nìyí. Ojú kan àwo kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Òde àríyá ń wọ òru, olórin a sì máa fa orin gùn bí àlejò ti ń náwó fún un. Bí a bá wá rí àkọlé bí 'Ọba Òyìnbó', ó rọrùn láti parí èrò sí pé orin ìyìn ọlọ́lá lásán ni jùjú àkọ́kọ́. Lérò tiwa, ohun tí àwo ń fi hàn ni ohun tí ilé-iṣẹ́ rò pé ẹni tí ó lówó giramafóònù yóò rà. Ohun tí wọ́n ń kọ ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kò bá a dé Parlophone.

Ní 1939 King wọṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Ní 1954 ni ó tó padà wá gbé Èkó, lẹ́yìn tí ó ti ń kọrin fún àwọn atukọ̀ ní èbúté bíi Dakar àti Conakry. Gángan àti ẹ̀rọ agbóhùnsókè ti gba orin náà kí ó tó dé.